A Jókòó Létí Omi ní Kútọ̀nú

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ mi ni kí n máa lọ láti ilé-ìwé kan dé òmíràn, kí n wo bí ẹ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo fẹ́ràn láti jókòó létí omi, kí n máa wo àwọn ènìyàn.

Ní Kútọ̀nú, omi kan la ìlú náà sí méjì. Kì í ṣe odò tí Ọlọ́run dá. Ènìyàn ló gbẹ́ ẹ ní ọdún 1885, nígbà àwọn Faransé, kí omi adágún Nokoué lè rí ọ̀nà lọ sínú òkun. Nígbà òjò, omi adágún a máa ṣàn lọ sókun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun oníyọ̀ a máa wọlé wá. Afárá mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Ọjà Dantokpa wà ní apá kan, Akpakpa wà ní apá kejì.

Lọ́jọ́ kan, mo mú àwọn ọmọ-ọmọ mi méjì lọ síbẹ̀, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. A gbé ẹ̀kọ àti àkàrà dání. A tẹ́ ẹní sábẹ́ igi. À ń jẹun, à ń wò.

Obìnrin kan ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ sórí òpó nínú omi. Ẹja kún agbọ̀n rẹ̀. Ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Lórí afárá, àwọn zemidjan tò bí èèrà.

Bàbá arúgbó kan jókòó nítòsí wa. Ó na ẹsẹ̀, àwọ̀n wà lórí itan rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin nawọ́ sí i, ó ní: «Bàbá àgbà, ẹni yẹn ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀lẹ ni.»

Mo rọra fa ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní: «A kì í nawọ́ sí àgbà. Wò ó dáadáa.»

A wò ó. Abẹ́rẹ́ igi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ń wọlé, ó ń jáde. Ibi mẹ́ta ni àwọ̀n náà ti ya. Kí a tó jẹun tán, bàbá ti dí méjì nínú wọn.

Àwọn ọmọ lọ kí i. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀: «Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.»

«Òo, ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi.»

«Bàbá, kí ló ya àwọ̀n yín?»

Bàbá fa ọ̀rá dúdú kan yọ nínú àwọ̀n. Ó ní: «Ẹja ni mo wá kó. Ọ̀rá ni mo kó. Ó wúwo, ó fa àwọ̀n ya. Lónìí, ẹja márùn-ún péré ni mo rí.»

Ọmọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rá omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán wà níbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ó ká a, ó fi í sínú àpò.

Nígbà tí a dìde, a ṣa gbogbo ewé ẹ̀kọ àti ọ̀rá tó wà nílẹ̀, títí kan èyí tí kì í ṣe tiwa.

Ẹ̀yin ọmọ Kétu àti ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, irú omi bẹ́ẹ̀ lè má sí nítòsí yín. Ẹ jókòó sábẹ́ igi létí ọjà. Ẹ wo ẹni tó ń lọ ata, ẹ wo ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹ má nawọ́ sí wọn, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ kí wọn. Ẹni tó bá wo iṣẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ dáadáa kò ní fẹ́ bà á jẹ́.