Orin Gìtá Àwọn Ará Òkèèrè àti Ìwé Owó-Ìtanràn Mi

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí lè pa yín lẹ́rìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ dé òpin, nítorí pé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ó parí sí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú Jos, mo sì ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé ilé mi ní alẹ́, ẹ ó bá mi níbi tí mo gbé jókòó, tí mo ti okùn fóònù bọ etí, tí mo ń mi orí sí orin gìtá àti ìlù tí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ òkèèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Orin rọ́kì ni wọ́n ń pè é. Èyí tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ kì í ṣe ti àwọn olórin tí gbogbo ayé mọ̀, bí kò ṣe ti àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń kọrin bí ọkàn wọn ti fẹ́, tí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké sì ń bá wọn gbé àwo wọn jáde.

Ìyàwó mi a máa wí pé orin tí kò ní gángan, tí kò sì ṣeé jó, kí ni ènìyàn ń gbọ́ nínú rẹ̀? Olùkọ́ àgbà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí òun náà jẹ́ Yorùbá, bi mí ní ọjọ́ kan pé, ‘Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀bú, ará ilé Haruna Ìṣọ̀lá, kí ni o ń wá kiri ní ìdí orin àwọn ọmọ Òyìnbó?’ N kò rí èsì fún wọn ní ọjọ́ náà. Èsì ọ̀rọ̀ wọn ni mo ń kọ yìí.

Ní ọdún 2018 ni ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀. Mo ní àbúrò kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Cardiff, olú-ìlú ilẹ̀ Wales. Ó fi orin kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó ní, ‘Bùọ̀dá mi, ẹ gbọ́ èyí, kí ẹ sọ èdè tí ó jẹ́ fún mi.’ Mo gbọ́ ọ. Ìlù ń lọ ní ìwọ̀n kan náà bí ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò, dùùrù oníná bò ó bí ìkùukùu òwúrọ̀ ti í bo orí òkè Jos ní ìgbà òtútù, ohùn obìnrin kan sì ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàárín wọn, kò pariwo, kò sì kánjú. Mo ti fi ọdún 23 kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ohun tí ó ń wí. Mo ní èdè Faransé ni. Àbúrò mi ní rárá. Mo ní ti àwọn ará Wales ni. Ó ní mo sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Èdè Cornwall ni.

Cornwall ni igun ilẹ̀ tí ó nà wọ inú òkun ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè wọn kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ìbátan èdè Wales àti ti Brittany ní ilẹ̀ Faransé ni. Dolly Pentreath, obìnrin ẹlẹ́ja ará abúlé Mousehole tí ó kú ní ọdún 1777, ni àwọn ènìyàn máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ nípa àwọn ẹni ìkẹyìn tí wọ́n fi èdè náà ṣe èdè àkọ́sọ. Lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì gba gbogbo ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1904, Henry Jenner ṣe ìwé kan tí àwọn ènìyàn lè fi kọ́ èdè náà padà, àwọn mìíràn sì ń tẹ̀lé ipa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di ọdún 2010 tí àjọ UNESCO yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn èdè tí ó ti kú, tí wọ́n fi í sáàárín àwọn tí ó wà nínú ewu ńlá.

Gwenno Saunders ni orúkọ obìnrin tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Cardiff ni a ti bí i. Tim Saunders, bàbá rẹ̀, jẹ́ akéwì ní èdè Cornwall, ó sì fi èdè náà tọ́ ọmọ rẹ̀ nínú ilé. Ìyá rẹ̀ sì fi èdè Wales tọ́ ọ. Àwo àkọ́kọ́ tí òun nìkan ṣe, Y Dydd Olaf, èdè Wales ni ó fi kọ ọ́, àfi orin kan. Èyí tí ó tẹ̀lé e ní ọdún 2018, Le Kov, èdè Cornwall ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orin kan wà nínú rẹ̀ tí ń jẹ́ ‘Eus Keus?’ Mo ti rò pé arò ni, tàbí àdúrà, nítorí mo gbà pé èdè tí ojú rẹ̀ ti rí tó bẹ́ẹ̀ kò lè ní ohun mìíràn láti sọ. Àṣé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, Ṣé wàràkàṣì wà? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo dákẹ́. Èdè tí a ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn òkú, oúnjẹ ni ó jí tí ó ń bèèrè! Ẹni tí ó bá sì ń bèèrè oúnjẹ, kò tíì kú. Iye àwọn tí ó ṣe ìdánwò èdè Cornwall pọ̀ sí i ní ọdún náà, àwọn tí ó mọ̀ sì sọ pé àwo orin yìí wà nínú ohun tí ó fà á.

Láti ìgbà náà ni mo ti di ẹni tí ń ṣọ́nà àwo tuntun. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn àwo máa ń jáde káàkiri ayé láti ọdún 2015, nítorí náà ni mo ṣe máa ń ra dátà sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Bí iná bá wà, bí iná kò sì sí, n ó gbọ́ àwo náà lẹ́ẹ̀kan láìṣe ohunkóhun mìíràn, láti orin àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn, bí olórin ti tò wọ́n. Ní ìgbà kejì n ó wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ìgbà kẹta ni n ó máa gbọ́ ọ bí mo ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Orin tí kò bá sú mi títí mo fi máàkì ìwé kíláàsì kan tán, ọ̀rẹ́ mi ni.

Ọdún 2022 ni adùn náà pọ̀ jù. Ní oṣù keje ni Gwenno gbé Tresor jáde. Ìṣúra ni ìtumọ̀ orúkọ náà, ó sì rán mi létí ohun tí àwọn bàbá wa wí, pé ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Wọ́n yan àwo yìí mọ́ àwọn 12 tí ó du ẹ̀bùn Mercury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún náà. Kì í ṣe òun ni ó gbà á, ṣùgbọ́n inú mi kò bàjẹ́, nítorí pé Little Simz ni ó gbà á, ọmọ tí àwọn òbí Yorùbá bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Simbiatu Ajíkáwo. Orin tirẹ̀ kì í ṣe ti gìtá. Ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ lórí ìlù. Mo pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n àwo tí ó mú mi ní àyà ti jáde ṣáájú, ní oṣù kẹrin ọdún kan náà. Skinty Fia ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é ni Fontaines D.C., àwọn ọ̀dọ́kùnrin 5 tí wọ́n pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ orin ní Dublin, tí ìfẹ́ ewì sì so wọ́n pọ̀. Wọ́n ti kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó ṣe é, ọ̀ràn ọmọ Áyálándì tí ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì kún inú rẹ̀. Orúkọ àwo náà gan-an, ọ̀rọ̀ ìbínú ni ní èdè Áyálándì, tí ìyá àgbà kan nínú ẹbí onílù wọn máa ń sọ. Ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìtàn tí ó bí orin àkọ́kọ́ rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Obìnrin ará Áyálándì kan tí ó ti gbé ibẹ̀ pẹ́ kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ kọ gbólóhùn kúkúrú kan ní èdè Áyálándì sára òkúta ibojì rẹ̀, tí ó túmọ̀ sí pé, nínú ọkàn wa títí láé. Ní ọdún 2020, adájọ́ ilé-ẹjọ́ ìjọ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ àfi bí wọ́n bá kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì sí i, kí àwọn tí kò gbọ́ èdè náà má baà rò pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ẹbí náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní ọdún 2021 ilé-ẹjọ́ tí ó ga ju ti ìṣáájú lọ dá wọn láre. Gbólóhùn náà, ‘In ár gCroíthe go deo’, ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí fi sọ orin wọn lórúkọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 6. Ohùn púpọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń kọrin nínú ìjọ, ìlù àti gìtá sì ń wọlé tọ̀ wọ́n títí gbogbo rẹ̀ fi gbóná.

Ní alẹ́ tí mo kà ìtàn yìí, tí mo tún fi orin náà sí etí, mo bẹ̀rẹ̀ sí bú adájọ́ náà nínú ọkàn mi. N kò tíì bú u dé ìdajì tí mo fi rántí ìwé kan.

Ìwé owó-ìtanràn ni. Ní ọdún 2009, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo wà nígbà náà, òfin wà pé ọmọ tí a bá gbọ́ èdè abínibí lẹ́nu rẹ̀ yóò san náírà 20. Èmi olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, mo sì ń ṣe é tọkàntọkàn. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ Anaguta, àwọn ènìyàn tí ilẹ̀ baba wọn wà ní Jos níhìn-ín, fi ẹsẹ̀ kọ òkúta níwájú kíláàsì mi, ó ṣubú, ó sì fi èdè rẹ̀ ké pe ìyá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní orúnkún rẹ̀. Mo gbé e dìde, mo nu ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà mo ṣí ìwé mi, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí. Ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi mí, pé, ‘Sà, báwo ni ìyá mi yóò ṣe mọ̀ pé òun ni mò ń pè?’ Mo gbà á sí àfojúdi, mo sì sọ owó náà di 40. Ó san án ní ọjọ́ kejì. Láti ọjọ́ náà títí ó fi jáde ilé-ẹ̀kọ́, n kò tún gbọ́ kí ó la ẹnu sọ̀rọ̀ ní èdè kankan bí kò ṣe pé a bi í ní ìbéèrè.

Adájọ́ Coventry kò fẹ́ kí òkú fi èdè rẹ̀ sùn láìsí ògbufọ̀. Èmi kò fẹ́ kí ọmọ alààyè fi èdè rẹ̀ sunkún. Nínú àwa méjèèjì, ta ni ó burú jù?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo gbé fóònù lọ sí kíláàsì, mo fi ‘Eus Keus?’ lù fún àwọn ọmọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín bí mo ti rẹ́rìn-ín. Mo sọ ìtàn Cornwall fún wọn, mo sì ní kí olúkúlùkù béèrè oúnjẹ ní èdè ilé rẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tí a dẹ pàkúté sílẹ̀ fún. Ìgbà tí wọ́n rí i pé n kò mú ìwé kankan lọ́wọ́ ni ẹnu wọn là. A gbọ́ Berom, a gbọ́ Ngas, a gbọ́ Tarok àti Mwaghavul, Hausa àti Igbo. Ẹni tí ó ta kókó níbẹ̀ ni ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo tí ó wà láàárín wọn. Àbíkẹ́yìn tèmi ni.

Mo wá mọ ohun tí mo ń wá kiri ní ìdí orin àwọn ọmọ Òyìnbó nígbà náà. Láti ọjọ́ náà, èmi àti ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ Haruna Ìṣọ̀lá bí a ti ń gbọ́ Gwenno: ìgbà àkọ́kọ́ ní ìdákẹ́jẹ́, ìgbà kejì pẹ̀lú ìtumọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé mo di ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì; òun ni mo ń kọ́ni, òun ni mo fi ń jẹun. Ní ọdún 2025 Gwenno gbé Utopia jáde, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni ó fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dùn mí bí ẹni tí a dà. Nígbà tí mo gbọ́ ọ dé ìgbà kẹta, mo rí i pé ẹni tí ó ní èdè mẹ́ta lè mú èyí tí ó wù ú. Ẹni tí a gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò ní ohun tí yóò mú.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní ọdún 2022 pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e. Àwọn aláṣẹ ni wọ́n ni àṣẹ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kan nínú méjèèjì tí ó ní kí olùkọ́ gba owó lọ́wọ́ ọmọ tí ó ké pe ìyá rẹ̀. Ọwọ́ wa ni èyí wà, ẹ̀yin ará mi, ní Jos, ní Èkó, ní Kano àti ní Calabar.

Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Ọmọ náà ṣubú, ó wo iwájú, èmi pẹ̀lú kálàmù ni ó rí. Èmi náà ti ṣubú, mo wẹ̀yìn, òun ni mo rí. N kò mọ ibi tí ó wà lónìí. Ìwé náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, orúkọ rẹ̀ wà ní ojú-ewé kẹta, mo sì ti fi náírà 40 sí àárín rẹ̀.