Ẹ Ya Etí Òkun Kí Ẹ Tó Ra Ilẹ̀ Níbẹ̀

Òkun kò sí ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń ra ilẹ̀ létí òkun l'Ékòó. Bí ẹ bá kúrò ní Ìlá-Ọ̀ràngún tàbí Ìrèé ní kùtùkùtù, tí ẹ gba Ìkirun, Òṣogbo àti Ìbàdàn dé Èkó, ẹ má ṣe padà láì gba ọ̀nà Lẹ́kí dé Òkun Alfa. Ẹ mú ẹ̀rọ ayàwòrán dání. Ti inú fóònù pàápàá tó.

Ẹ gbé e kalẹ̀ níbi tí ó le, tí ó jìnnà sí omi. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, ẹ jẹ́ kí ó máa ya àwòrán 1 ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 5. Ní wákàtí 1, yóò ya 720. Bí ẹ bá tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, tí 24 ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá 1, wákàtí náà yóò di ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ẹ ó rí ìkùukùu tí ń sáré, òjìji igi tí ń gùn sí i, àti omi tí ń gun yanrìn tàbí tí ń fà sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n wákàtí kan kò tó. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Òkun Alfa ti ń kígbe pé òkun ń gba ilé àti ọ̀nà wọn. Láàrin 1908 sí 1912 ni wọ́n kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu èbúté Èkó kí ọkọ̀ lè máa wọlé láìséwu. Yanrìn tí omi ń kó bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn dúró sẹ́yìn ògiri, etí òkun ibẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i; Bar Beach, tí ó wà ní ìlà-oòrùn, kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ nígbà náà. Ní 2012, ìgbì ya wọ Kuramo, ó sì gba ẹ̀mí.

Àwòrán etí òkun wa tí a yà láti òfuurufú, tí Google Earth tò jọ láti 1984, wà fún gbogbo ènìyàn. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí bí Eko Atlantic ṣe di ilẹ̀ níbi tí omi wà tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ sàmì sí ibi tí ẹ dúró, kí ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá tún lọ lọ́dún tí ń bọ̀, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti yà á. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ra ilẹ̀ níbẹ̀, kí ó wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dáadáa kí ó tó ka owó sílẹ̀.