Ìyá Aláàga Pariwo ‘Tẹ Bíréèkì!’, Ọmọ Rẹ̀ Ò Tẹ̀ Ẹ́

Bí ìyá bá ní kí ọmọ ṣe nǹkan, tí ọmọ ò ṣe é, kí ni wọ́n ń pè é? Aláìgbọràn ni. Ìyá aláàga kan ní Iléṣà pe ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún odindi ọjọ́ méjì, kí wẹ́dà tó là á lójú. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́ o, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tẹ́ ẹ ń háyà mọ́tò kó ẹrù, àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ́ ẹ ń so ẹ̀rọ mọ́ ìdí ọkọ̀.

Iṣẹ́ àga àti kánópì ni màmá yìí ń ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ gbèrú, ó ra bọ́ọ̀sì ńlá kan. Wọ́n tú àga inú rẹ̀, wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, wọ́n gbé sítóòfù sí kọ̀rọ̀, torí pé òde tó bá jìnnà, wọ́n ní láti sùn síbẹ̀ mọ́jú ni. “Ilé tó ń rìn” ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é. Nígbà tó yá, màmá ní kí Bàbá wẹ́dà bá òun ṣe tírélà onítáyà méjì tí wọn yóò máa so mọ́ ìdí bọ́ọ̀sì náà, kí jẹnẹrétọ̀ ńlá, irin kánópì àti àga lè máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń wa ọkọ̀ ọ̀hún. Ọmọ náà ti ṣe mọ́tò bọ́ì fún dẹ́rẹ́bà onítírélà fún ọdún mẹ́ta kó tó gba láísẹ́ǹsì tirẹ̀.

Ní Sátidé tí à ń wí yìí, Àkúrẹ́ ni òde wà. Màmá ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí ìdí tírélà pátápátá, kó lè jẹ́ òun ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ bí wọ́n bá débẹ̀.

Ọmọ ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e síwájú díẹ̀.”

Màmá ní, “Ta ló lọjà, èmi àbí ìwọ?”

Ọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí wọ́n fẹ́ so tírélà mọ́ bọ́ọ̀sì, ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló fi ọwọ́ kan gbé imú rẹ̀ sókè. Inú màmá dùn. “Ẹ wo bó ṣe fúyẹ́!” Kò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ewu lúgọ sí.

Wọ́n gbéra. Wọ́n kọjá Ìwárajà, wọ́n kọjá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ni ọkọ̀ epo kan bá ya wọ́n fìì! Atẹ́gùn rẹ̀ gbá tírélà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Háà! Tírélà ju ìdí sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì, ó tún jù ú sọ́tùn-ún, èyí tó ń bọ̀ sì ń ju èyí tó kọjá lọ. Ìdí bọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìkòkò já bọ́ nínú ọkọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pe Ọlọ́run.

Màmá fi igbe ta níwájú: “Tẹ bíréèkì! Mo ní kó o tẹ bíréèkì!”

Ọmọ ò tẹ̀ ẹ́. Ó di sítíárì mú gírígírí, kò yí i sọ́tùn-ún, kò yí i sósì. Ó kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù ni. Bọ́ọ̀sì ń dẹ eré, tírélà ń dẹ ìdí tó ń jù, títí ó fi wá ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn jẹ́ẹ́ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lókùn. Ìgbà náà ló rọra tẹ bíréèkì, tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ṣé ẹ rò pé màmá dúpẹ́? Ó bẹ́ sílẹ̀, ó kó ariwo bolẹ̀. “Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn ló fẹ́ pa mí! Mo ń sọ̀rọ̀, o ṣe bí ẹni pé o ò gbọ́!” Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ò sí ẹlòmíì tó lè wa ọkọ̀ ló tó dá a padà. Ọmọ ò fèsì. Òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ fi irin kánópì sábẹ́ jẹnẹrétọ̀, wọ́n yí i lọ síwájú. Màmá ò ní kí wọ́n má ṣe é, kò sì ní kí wọ́n ṣe é. Wọ́n lọ Àkúrẹ́, wọ́n bọ̀, ìyá ò bá ọmọ sọ̀rọ̀.

Ní Mọ́ńdè, màmá gbọ̀nà ọ̀dọ̀ Bàbá wẹ́dà lọ láti fẹjọ́ sùn. Baba gbọ́ ọ títí tó fi parí. Ó wá ní, “Ìyá mi, ẹ ti rí ọlọ́mọlanke rí, àbí?”

“Ojoojúmọ́ ni mò ń rí wọn lọ́jà.”

“Bí wọ́n bá kó gbogbo ẹrù sí ìdí ọmọlanke ńkọ́?”

“Ọwọ́ rẹ̀ á fò sókè, á gbé onítọ̀hún kúrò nílẹ̀!”

“Ohun tẹ́ ẹ ṣe fún bọ́ọ̀sì yín nìyẹn.”

Baba ní ẹrù gbọ́dọ̀ tẹ imú tírélà mọ́ ìkọ́ díẹ̀. Bí tírélà àti ẹrù inú rẹ̀ bá wọn kílò 2,000, imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi bíi kílò 200 sí 300 tẹ ìkọ́. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin sí mẹ́fà nìyẹn. Tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, tírélà á máa ju ìdí. Tó bá pọ̀ jù, ìdí bọ́ọ̀sì á rì, táyà iwájú ò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa. “Tiyín, ọmọ iṣẹ́ fi ọwọ́ kan gbé e, ẹ̀ ń dunnú!”

Màmá ní, “Ti bíréèkì tí mo ní kó tẹ̀ ńkọ́?”

“Ọpẹ́ ni pé kò gbọ́ yín. Tírélà yẹn ò ní bíréèkì tirẹ̀. Bó bá ki ẹsẹ̀ bọ bíréèkì lójijì, bọ́ọ̀sì fẹ́ dúró, ẹrù ò fẹ́ dúró. Ẹrù á máa ti bọ́ọ̀sì látẹ̀yìn, àwọn méjèèjì á ká bí ọ̀bẹ alápò, ó di inú igbó.” Baba mi orí. “Èmi náà jẹ̀bi. Tírélà tó tó báyìí, ó yẹ kí n ti fi bíréèkì sí i. Ẹ́ńjìnnì ló ń fa ẹrù o, bíréèkì ló ń gba ẹ̀mí là.”

Baba gba tírélà náà wọlé, ó fi bíréèkì sí i. Ó jó ṣéènì méjì mọ́ ọn, tí wọn yóò máa fi kọ́ra lábẹ́ imú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ìkọ́ bá já, ṣéènì á gbà á, imú ò ní gúnlẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa wò ó bóyá ihò imú tírélà bá bọ́ọ̀lù ìkọ́ mu, kí wọ́n sì máa yẹ nọ́ọ̀tì àti afẹ́fẹ́ táyà wò kí wọ́n tó gbéra. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ òkè, jíà kékeré ni kí wọ́n kì látòkè, torí bíréèkì tó bá gbóná jù kì í mú mọ́. Ó tún kìlọ̀ eré: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí bíréèkì máa fi dá ọkọ̀ dúró á di ìlọ́po mẹ́rin.

Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré. Lọ́dún 2015, kọ́ńtéénà já bọ́ láti orí bíríìjì Ojúẹlẹ́gba l’Ékòó, ó pa ènìyàn mẹ́ta. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, òmíràn wó lu bọ́ọ̀sì èrò ní Ojúẹlẹ́gba kan náà, ènìyàn mẹ́sàn-án ló kú. Àwọn tó kú ò mọ bí wọ́n ṣe di ẹrù, wọn ò sì mọ ẹni tó dì í.

Màmá darí sílé. Àgbà kì í yára sọ pé òun jẹ̀bi, ẹ kúkú mọ̀. Ó gúnyán lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé ẹran tó tóbi jù fún ọmọ rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́.

Ó ní, “Ọ̀wọ̀ là ń lọ ní Sátidé. Ibo ni ká gbé jẹnẹrétọ̀ sí?”