Níbi Tí Iná Gbà Padà

Rewáyà tí mo fọkàn tán ní Ìbàdàn kì í fọwọ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n bá ní iná rẹ̀ kú. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota tó ń rìn ní títì wa, fíúsì kan náà ló ń bọ́ iná ẹ̀yìn, iná nọ́ńbà àti iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí wáyà bá bó níbi tí ìdérí búùtù ti ń ká a lójoojúmọ́, tó wá kan irin, fíúsì á jó, iwájú awakọ̀ á sì ṣókùnkùn. Ẹlòmíràn á ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù palẹ̀!

Ẹ́ẹ̀tì ló tún burú jù. Iná tó jáde lórí bátìrì gbọ́dọ̀ padà sórí bátìrì, ara irin ọkọ̀ ló sì ń gbà padà. Tí ìdí bóòtì ẹ́ẹ̀tì bá ti dípẹtà, iná á wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, á gba inú gílóòbù mìíràn kọjá. Ẹ ó tẹ tíráfíkétọ̀, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á máa ṣẹ́jú. Iná iwájú kan á pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Ta ló fẹ́ fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wọ ọ̀nà Ifẹ̀ lálẹ́?

Ọ̀gá yìí á tan iná náà sílẹ̀, á fi ẹnu mítà kan kan orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, á fi èkejì kan ẹ́ẹ̀tì iná iwájú. Bó bá yẹ, mítà ò gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀ kúrò lórí òdo. Bó bá gùn dé fóòtì 1, kò tún wádìí mọ́. Sípánà 10 ló fi ń tú bóòtì ọ̀hún. Á fi sáńpépà ha irin títí yóò fi dán, á dì í padà, ojú iná á sì funfun.

Àwọn tí n kò lè gbà fún ni àwọn tó ń wé bébà inú páálí sìgá mọ́ fíúsì tó jó. Gílóòbù wáàtì 55 kò fa ju nǹkan bí áńpù 5 lọ. Fíúsì pupa, alámì 10, tó o. Ẹ fi bébà yẹn dí i, wáyà abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni yóò jó dípò rẹ̀.

Bàbá kan fárígá lọ́jọ́ kan pé owó iṣẹ́ ti pọ̀ jù. “Ọ̀gá rewáyà, ṣebí irin lásán lẹ ha!”

Ó ń nu ọwọ́ lọ ní tiẹ̀. “Ẹ má bínú, bàbá. Gílóòbù tuntun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ rà níjọ́sí ńkọ́, èló lẹ san?”