Iṣẹ́ Ọmọṣẹ́ Ni Róbọ́ọ̀tì Kọ́kọ́ Ń Gbà

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti rí róbọ́ọ̀tì tó ń jórin nínú fídíò orí fóònù wọn, wọ́n sì máa ń bi mí léèrè pé, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ yìí á ṣì wà nígbà tí àwa náà bá gba fírídọ̀mù?" Mi ò fẹ́ fi ẹnu dídùn dá wọn lóhùn. Iṣẹ́ wẹ́dà ò ní tán. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí máṣíìnì ti ń gba apá kan nínú rẹ̀, apá tó sì ń gbà yẹn gan-an ni èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi fi kọ́ ọwọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n mú mi lọ kọ́ṣẹ́ ní Múṣin. Ọ̀gá mi ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ Volkswagen tí wọ́n ṣí ní ọ̀nà Àgbádárìgì ní 1975. Wọ́n máa ń ṣàlàyé fún wa bí ìbọn tí wọ́n fi ń jó ara mọ́tò ṣe máa ń so rọ̀ lókè: èèyàn á fà á sọ́dọ̀, á fi ẹnu rẹ̀ há páànù méjì, á tẹ̀ ẹ́, iná á ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, páànù méjèèjì ti di ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, títí apá á fi kú. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé láti 1969, ní Lordstown ní ìpínlẹ̀ Ohio, General Motors ti ń fi róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Unimate ṣe irú iṣẹ́ yìí kan náà. Ilé iṣẹ́ General Motors ní New Jersey ni róbọ́ọ̀tì náà ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní 1961, irin gbígbóná ló sì ń gbé níbẹ̀, kì í jórin.

Ìdí tó fi jẹ́ pé nínú iṣẹ́ jíjó, ara mọ́tò ló kọ́kọ́ bọ́ sí róbọ́ọ̀tì lọ́wọ́ ò ṣòro. Máṣíìnì ló ń tẹ páànù mọ́tò. Èyí tí wọ́n tẹ̀ láàárọ̀ àti èyí tí wọ́n tẹ̀ lálẹ́ jọra bí ìbejì. Ibi tí irin bá ti jọra, tó sì ń wá sójú kan náà nígbà gbogbo, róbọ́ọ̀tì ò ní ṣìnà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ ti wà kí róbọ́ọ̀tì tó dé. Láti àwọn ọdún 1930 ni máṣíìnì ti wà tó ń rìn lórí irin gbọọrọ, tó ń da lẹ́búlẹ́bú bo iná mọ́lẹ̀, tó sì ń jó ojú irin tó nípọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró. Wọ́n lò ó fún àwọn ọkọ̀ òkun Liberty tí Amẹ́ríkà kàn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àmọ́ àwọn wẹ́dà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ṣì kún inú àwọn yáàdì tí wọ́n ti kàn wọ́n, torí ikùn ọkọ̀ kún fún kọ̀rọ̀ tí máṣíìnì ò lè wọ̀.

Ní Múṣin, géètì, bọ́gúlárì ojú fèrèsé àti ilẹ̀kùn onírin là ń ṣe. Ọmọṣẹ́ tuntun á kọ́kọ́ máa di irin mú, á máa fi òòlù gbá ìdàrọ́ kúrò lójú ibi tí ọ̀gá ti jó. Nígbà tó bá yá, wọ́n á jẹ́ kó máa jó ibi tó gùn tó sì tọ́ lára géètì, ibi tí kò lè bàjẹ́ púpọ̀. Ọ̀gá á jó àwọn igun. Lójú gbọọrọ yẹn ni ọwọ́ ti ń mọ bó ṣe yẹ kí ẹlẹ́kítíróòdù jìnnà sí irin tó, bó ṣe yẹ kó máa lọ, àti ohùn tí iná ń ní bó bá jó dáadáa. Ẹnikẹ́ni ò lè fi ẹnu kọ́ ẹnikẹ́ni ní èyí. Ó gba kí èèyàn jó, jó, títí tí ara á fi mọ̀ ọ́n.

Ibẹ̀ ni mo ti kúrò tẹ̀lé àwọn tó ń jó páìpù lọ sí Wàrì, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí páìpù gáàsì Escravos sí Èkó ní 1989. Iṣẹ́ míì pátápátá ni. A ó dojú páìpù méjì kọra, a ó fi àlàfo bíi mìlímítà mẹ́ta sáàárín wọn. Ìlà àkọ́kọ́ tí a máa jó nísàlẹ̀ pátápátá, tí à ń pè ní rúùtù, òun ló gba ojú gba etí. Bí iná bá ti mú, ihò róbótó kékeré kan á là níwájú ẹlẹ́kítíróòdù. Bí ihò yẹn bá gbòòrò jù, irin á ya sínú páìpù. Bó bá pa dé, iná ò wọnú nìyẹn, ẹ́síréè á sì tú àṣírí rẹ̀. Etí ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀: bí iná bá ń wọnú, ohùn rẹ̀ á jìn, á máa dún nínú páìpù lọ́hùn-ún, bí ohùn bá ti padà sójú ìta, ọrùn ọwọ́ wẹ́dà á ti yí kí òun fúnra rẹ̀ tó ronú kàn án. Bẹ́ẹ̀, àlàfo tó jẹ́ mìlímítà mẹ́ta lókè lè ti di méjì nísàlẹ̀, torí ẹnu páìpù ò rí róbótó tán, ẹ̀yìn la sì fi sùn nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ tí a ń jó o.

Lójú òkun, lórí ọkọ̀ tí ń to páìpù, ó yàtọ̀. Páìpù ló ń wá bá wẹ́dà níbẹ̀. Wọ́n á fi máṣíìnì gé ẹnu rẹ̀ kó bára mu rẹ́gí, wọ́n á de ọ̀já irin mọ́ ọn lára, orí ẹ̀rọ kékeré kan á sì máa yí i ká, á máa jó o. Wẹ́dà ń wò ó, ó ń fi bọ́tìnì tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ jíjó ojú òkun ti di ti ẹ̀rọ yìí. Ibi tí ọ̀wọ́ páìpù méjì bá ti pàdé, ibi tí fáàfù wà, tàbí ibi tó jẹrà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wẹ́dà ni wọ́n ṣì ń pè. Nígbà tí Egina, ọkọ̀ ńlá tó ń gba epo rọ̀bì lójú òkun, tó gùn tó mítà 330, dé Èkó láti Kòríà ní oṣù Kìíní 2018, yáàdì tó wà ní Tarkwa Bay ni wọ́n ti gbé ìpele ẹ̀rọ mẹ́fà tí a jó ní Nàìjíríà lé e lórí. Àwọn páìpù tó so ìpele kan mọ́ èkejì wà níbi tó há gádígádí, tí èèyàn á fi díńgí wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó jó o. Àwọn tó jó wọn, mo bọ̀wọ̀ fún wọn.

Ní báyìí, róbọ́ọ̀tì míì ti dé tí wọn kì í tì mọ́nú àgò bíi ti ilé iṣẹ́ mọ́tò. Èèyàn á di apá rẹ̀ mú, á fi ibi tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí sí hàn án. Òmíì ní kámẹ́rà àti iná lésà tó fi ń tẹ̀ lé ojú jíjó. Bí àlàfo bá ń yí díẹ̀díẹ̀, ó ti ń mọ̀ ọ́n. Mi ò ní fojú kékeré wò ó.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń sọ pé kò sí iná ní Nàìjíríà, pé owó díísẹ̀lì nìkan ò ní jẹ́ kí róbọ́ọ̀tì dé ọ̀dọ̀ wa. Kí wọ́n lọ wo ilẹ̀kùn àwọn ilé tuntun. Ilẹ̀kùn onírin tó ti parí pátá ló ń wọlé láti Ṣáínà nínú kọ̀ńténà, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti ọ̀dà rẹ̀. Láti 2021 sí 2023, ó ju ìdajì róbọ́ọ̀tì tuntun tí wọ́n gbé sílé iṣẹ́ lágbàáyé lọ tó jẹ́ Ṣáínà ni wọ́n gbé e sí. Kò dìgbà tí ẹ̀rọ bá dé Múṣin kó tó gba iṣẹ́ Múṣin. Àwọn tó ń wé kọ́ìlì bàbà fún máṣíìnì ńlá tí a fi kọ́ṣẹ́, ṣebí máṣíìnì ìfátà kékeré tí wọ́n ń kó wọlé, tó ṣeé gbé kọ́ èjìká, ló lé wọn lọ.

Ìṣòro náà wá nìyí. Ọmọ tí kò rí ilẹ̀kùn jó, níbo ló ti máa rí ọwọ́ tó máa fi jó rúùtù? Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń wá wẹ́dà tó lè yege lórí páìpù tí wọ́n dá dúró ní igun 45, tí wọ́n ń pè ní 6G. Wọ́n ń kígbe pé wọn ò rí wọn tó. Ẹ̀rọ kan náà tó ń jó ibi gbọọrọ fún wọn ló gba iṣẹ́ tí irú wẹ́dà bẹ́ẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀.

Èmi ti ń ra àgékù páìpù ní yáàdì irin àlòkù fún àwọn ọmọ mi. Mo ń dá wọn dúró ní igun 45, wọ́n ń jó o, a ń fi máṣíìnì fáìlì là á ká lè wo inú rẹ̀. Ẹlẹ́kítíróòdù wọ́n, agbára mi ò sì gbé e tán. Ilé iṣẹ́ tó bá ń gbé ẹ̀rọ tó ń jórin wọlé yẹ kó gba ọ̀dọ́ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: kí ọ̀kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń tò ó àti bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, kí èkejì máa fi ọwọ́ jó gbogbo ibi tí ẹ́síréè bá kọ̀, lábẹ́ àgbà kan tó mọṣẹ́. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn kí ẹ̀rọ tó gúnlẹ̀ sí Àpápá.