Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Ọkọ̀

Ẹ̀yin ará họ́ọ̀lù wa, nígbà tí ẹ fi mí ṣe kápúténì bọ́ọ̀lù, ariwo ni mo pè ní iṣẹ́. Mo pariwo mọ́ kípà wa títí ó fi bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, tó bínú lọ. Góòlù mẹ́ta ni wọ́n jẹ wá lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ ò gbàgbé, mo mọ̀.

Molútẹ̀hìn, létí òkun Ìlàjẹ, ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni bàbá mi máa ń jókòó sí, òun ló ń tọ́ ọ. Ẹ̀yìn àwa tá à ń wa ọkọ̀ níwájú ló ń wò, ó sì máa ń mọ apá tó ti rẹ̀ kí olúwa rẹ̀ tó sọ. "Gbé àjẹ̀ fún àbúrò rẹ." Ó tán.

Màmá mi a máa sọ̀rọ̀ àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tó tẹ Ayétòrò dó ní 1947, bí owó iṣẹ́ gbogbo wọn ṣe ń wọ àpò kan. Ìgbàgbọ́ nìyẹn lójú tiẹ̀, kì í ṣe ariwo àdúrà.

Òkun ti ń jẹ ilẹ̀ wa tipẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó wọlé wa, bàbá mi ò kígbe. Ó pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn, ó sì ń dúró gbọ́ ìdáhùn. Ìgbà tá a pé ló tó wọkọ̀.

Lánàá, mo kanlẹ̀kùn kípà wa. Mo pe orúkọ rẹ̀. Kò dáhùn. Mo dúró.