Àgọ́ Pípa ní Etí Adágún

Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo yín ni ẹ mọ ọkọ̀ ọpọ́n. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ tíì wọ̀ ọ́ rí, ẹ ó ti rí àwòrán àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ tàbí Màkókó tí wọ́n ń tukọ̀ lórí ọ̀sà. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni èyí jẹ́ fún wọn. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí yàtọ̀. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra ìnira. Wọn a wa ọkọ̀ kékeré wọ inú igbó, wọn a pẹja, wọn a sì sùn sí etí omi níbi tí kò sí ilé, tí kò sí iná mànàmáná, tí kò sì sí ọ̀nà mọ́tò. Mo ti bá wọn lọ rí, mo sì gbádùn rẹ̀.

Ibi tí mo ń wí wà ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ní ààlà ilẹ̀ náà pẹ̀lú Kánádà. Boundary Waters ni wọ́n ń pè é. Adágún tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000. Ní ọdún 1964, ìjọba kà á mọ́ àwọn igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ di ìlú. Ní ọdún 1978, òfin mìíràn lé ọkọ̀ ẹlẹ́rọ kúrò lórí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adágún náà. Àwọn ará àdúgbò kan bínú gidigidi sí òfin yìí, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹ̀rọ ni àwọn kan fi ń jẹun.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí à ń pè ní Ojibwe ti ń tukọ̀ lórí omi wọ̀nyí tipẹ́tipẹ́. Wọn kì í gbẹ́ ìtì igi bí a ti ń ṣe nílé. Èèpo igi ni wọ́n ń bó, wọn a fi gbòǹgbò rán an pọ̀, wọn a sì fi oje igi dí ojú rírán náà kí omi má baà wọlé. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ọkọ̀ tó fúyẹ́ kò fara sin: ọ̀pọ̀ adágún ni kò kan ara wọn. Bí omi bá tán, ọkọ̀ tí ó ti ń gbé ọ bọ̀ ni ìwọ náà yóò wá gbé. Igi kan tó dà bí àjàgà wà láàárín ọkọ̀. Èjìká ni a ń gbé e lé, ọkọ̀ yóò sì bo orí bí akẹtẹ̀ ńlá. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà wọ̀nyí. Ọ̀pá kan gùn tó bíi mítà 5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọkọ̀ kan. Ọ̀nà kan tí a gbà gùn tó 100 ọ̀pá, ó sì dà bí ẹni pé ọrùn mi ń wọnú àyà mi lọ!

Bí ẹ bá dé ibùdó, ohun méjì ni ìjọba fi sílẹ̀ fún yín níbẹ̀: ààrò onírin kan, àti ṣáláńgá kan lẹ́yìn nínú igbó, tí kò ní ògiri, tí kò sì ní òrùlé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun yòókù, ẹ̀yin ni ẹ ó rù ú wá. Ènìyàn 9 àti ọkọ̀ 4 ni òfin gbà fún ẹgbẹ́ kan. Omi tẹ́ lọ salalu níwájú yín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sè é kí ẹ tó mu ún, nítorí kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru lè wà nínú omi tó mọ́ gaara. Béárì dúdú ń bẹ nínú igbó náà. Oúnjẹ ló sábà máa ń wá, kì í ṣe ènìyàn. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ó kó oúnjẹ sínú àpò, ẹ ó fi okùn fà á sókè sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó. Bisikíìtì ẹyọ kan kò gbọdọ̀ kù nínú àgọ́.

Obìnrin kan gbé inú igbó yìí títí ó fi darúgbó. Nọ́ọ̀sì ni, Dorothy Molter ni orúkọ rẹ̀, erékùṣù kan nínú adágún Knife ni ilé rẹ̀ wà. Bí atukọ̀ bá fara pa, òun ni ń tọ́jú rẹ̀. Ó tún ń ṣe ohun mímu aládùn kan tí wọ́n ń pè ní root beer, tí kì í pani bí ọtí. Yìnyín tí wọ́n gé lórí adágún nígbà òtútù ni ó fi ń mú un tutù fún àwọn tó ń kọjá. Ẹni ọdún 79 ni nígbà tí ó kú ní ọdún 1986.

Iná ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, iná tí ẹnì kan dá ní ibùdó létí adágún Ham ràn mọ́ igbó. Ìjì líle ti wó igi lọ bẹẹrẹ ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1999. Igi gbígbẹ wọ̀nyí wà lára ohun tí iná náà rí jẹ. Ó jó ilẹ̀ bí éékà 75,000 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ó sì jó ilé onílé.

Ẹ má ṣe bu omi lé iná lẹ́ẹ̀kan kí ẹ máa lọ. Ẹ bu omi sí i, ẹ fi igi rò ó bí ẹni ń ro àmàlà, ẹ tún bu omi sí i. Ẹ wá rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ eérú náà. Bí ó bá ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò tíì kú. Ní òwúrọ̀ tí àwa ń kúrò ní ibùdó wa, a ti da korobá omi mẹ́fà sí i, síbẹ̀ eérú náà kò tíì tutù. Ọ̀kan nínú wa ti jókòó sínú ọkọ̀, ó ń kanra pé oòrùn ti ga. Òun gan-an ni a ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ wá lọ pọn ìkeje.